Kọ́bọ́ọ̀dù Tó Kọjú sí Ògiri

Ọjọ́bọ̀ ni ìròyìn náà dé. Tíṣà ń ya ọkàn ènìyàn sí ojú pátákó nígbà tí akọ̀wé ọ̀gá àgbà yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tó fi ìka pè mí. Ó ní kí n gbé báàgì mi dání. Akẹ́kọ̀ọ́ tí wọ́n bá ní kó gbé báàgì dání mọ̀ pé òun kò ní padà wá jókòó mọ́ lọ́jọ́ náà. Gbogbo kíláàsì yíjú sí mi bí ìgbà tí wọ́n ká olè mọ́, èmi náà sì rò pé wọ́n ti ká mi mọ́.

Nínú báàgì yẹn, láàárín ìwé ìṣirò àti ìwé orin, fọ́ọ̀mù kan wà tó yẹ kí bàbá mi fọwọ́ sí, tí èmi sì ti fọwọ́ sí ní orúkọ rẹ̀. Bí a ti ń gba ẹ̀gbẹ́ kíláàsì lọ sí ọ́fíìsì, irọ́ ni mò ń tò jọ. N ó sọ pé bàbá mi ló ní kí n bá òun fọwọ́ sí i. N ó sọ pé ọwọ́ ń dùn ún. Nígbà tí a dé ẹnu ọ̀nà, mo ti yan èyí tó dára jù nínú wọn.

Ìyá mi ni mo kọ́kọ́ rí. Ó jókòó sórí àga àlejò, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bára mu, ọ̀kan dúdú, ọ̀kan pupa. Bàbá Gbọọrọ dúró lẹ́yìn rẹ̀. Òun ni ọ̀rẹ́ bàbá mi, wọ́n jọ kọ́ iṣẹ́ káfíńtà lọ́dọ̀ ọ̀gá kan náà. Ó ga débi pé ó máa ń tẹríba fún gbogbo ẹnu ọ̀nà. Èérún pákó ṣì wà nínú irùngbọ̀n rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni tó la ẹnu, ara tù mí. Mi ò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni rí. Ara tù mí, nítorí mo rí i pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ fọ́ọ̀mù ni wọ́n bá wá.

Ọ̀gá àgbà di ọwọ́ mi mú. Ó ní, "Ọmọ mi, bàbá rẹ ti lọ sinmi."

Láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ lórí òrùlé ilé kan. Bàbá Gbọọrọ ló ròyìn rẹ̀ fún wa lójú ọ̀nà ilé. Ó ní bàbá mi sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mú, ó ní òùngbẹ ń gbẹ òun, ó jókòó sórí pákó tí wọ́n tò sílẹ̀, ó gba omi, kò sì mu ún.

"Mo rò pé ó ń ronú ni," ni Bàbá Gbọọrọ wí. "Mo tiẹ̀ bú u. Mo ní, 'Ìwọ ọkùnrin yìí, ṣé o fẹ́ fi omi náà wẹ̀ ni?'" Ó tún un sọ títí a fi délé, bí ẹni pé bí òun bá sọ ọ́ dáadáa lẹ́ẹ̀kan, bàbá mi yóò fún òun lésì.

Ó yẹ kí n sọ bí fọ́ọ̀mù náà ṣe dé inú báàgì mi.

Ní ilé-ẹ̀kọ́ wa, lẹ́yìn àwọn ẹ̀kọ́ tó jẹ́ dandan, olúkúlùkù ọmọ kíláàsì àgbà máa ń mú ọ̀kan tó wù ú. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ mi mú ìtọ́jú ilé tàbí ìtàn. Èmi mú Àwòrán Iṣẹ́, ìyẹn ẹ̀kọ́ bí a ṣe ń ya ohun tí a fẹ́ kọ́ sórí ìwé, pẹ̀lú ìwọ̀n tó péye, kí oníṣẹ́ tó fọwọ́ kan igi tàbí irin. Kò sẹ́ni tó fipá mú mi. Mo mú un kí bàbá mi lè yangàn, ó sì yangàn. Ọ̀gá Ayàwòrán ló ń pè mí níwájú àwọn oníbàárà rẹ̀. Ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kan pátákó ìyàwòrán fún mi, ó fá a títí ó fi ń dán bí awo.

Ẹ̀kọ́ náà le ju bí mo ti rò lọ. Ọ̀sán Ọjọ́rú ni, wákàtí mẹ́ta gbáko, èmi nìkan láàárín ọkùnrin mẹ́tàlá. Tíṣà wa jẹ́ ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í pariwo. Ohunkóhun tí a bá bi í, ohun kan náà ló máa kọ́kọ́ fi dáhùn: "Gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì rẹ ná." Bí a ṣe sọ ọ́ ní Gbẹ́-lẹ́ẹ̀dì nìyẹn. Ìlà mi máa ń dọ̀tí. Igun mi kì í pàdé. Nínú ìdánwò àkọ́kọ́, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo gbà nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí bàbá mi sì béèrè èsì, mo ní wọn kò tíì fún wa.

Bàbá mi kò mọ àwòrán kà. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló fi ń wọn nǹkan, á fi ọ̀bẹ fá àmì sí i lára, èyí fún gíga, èyí fún fífẹ̀, kò sì sẹ́ni tó lè kà á àfi òun àti Bàbá Gbọọrọ. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ náà, ó ní kí n kọ́ òun. Bí a bá ti jẹun ìrọ̀lẹ́ tán, á nu tábìlì, á jókòó tì mí. Mo kọ́ ọ ní òfin tí tíṣà kọ́ wa: a ó ya iwájú nǹkan sí àárín ìwé, ohun tí a bá rí láti apá òsì rẹ̀, apá ọ̀tún ìwé ni a ó yà á sí, ohun tí a bá rí láti apá ọ̀tún, apá òsì ìwé.

"Kí ló dé tí wọ́n fi yí i po?" ló béèrè.

"Òfin ni, Bàámi."

"Ó dáa. Òsì lọ sí ọ̀tún. Ọ̀tún lọ sí òsì." Ó ń kà á bí ọmọ tó ń kọ́ kátíkísìmù.

Ìyá mi ní, "Ẹ wá wo bàbá arúgbó ní jẹ́lé-ó-sinmi."

"Jẹ́ kí ọ̀gá mi kọ́ mi, jàre. Àbí o ń jowú ni?"

Ohun tí bàbá mi bá ti kọ́ máa ń dúró lára rẹ̀ bí ìṣó nínú igi líle. Kò gbàgbé òfin náà mọ́.

Ilé ìwòsàn kékeré kan wà ní ìpẹ̀kun òpópónà wa. Mátírọ́ọ̀nù ibẹ̀ fẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù oògùn fún igun yàrá rẹ̀. Apá ọ̀tún kọ́bọ́ọ̀dù náà yóò fara ti ògiri, nítorí náà pákó ni a ó fi dí i. Apá òsì rẹ̀ ni yóò kọjú sí àga mátírọ́ọ̀nù, ibẹ̀ ni yóò sì ṣí sílẹ̀, pẹ̀lú pẹpẹ kéékèèké mẹ́rin, kí ìyá náà lè na ọwọ́ mú oògùn láì dìde. Bàbá mi wà lórí òrùlé lọ́sẹ̀ yẹn, kò ráyè. Ó ní, "Ọ̀gá Ayàwòrán, ìwọ lọ wọn ibẹ̀. Yà á wá fún mi. Ohun tí o bá yà ni n ó kọ́."

Mo wọn ọ́n dáadáa. Kò sí àṣìṣe nínú ìwọ̀n mi. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí àwòrán náà rẹwà, ni mo bá ṣí ìwé àtijọ́ kan tí mo yá ní láíbírì, tí wọ́n ya irú kọ́bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀ sí, mo sì to tèmi bí wọ́n ṣe to tiwọn. Òfin mìíràn ni ìwé yẹn ń tẹ̀ lé. Àwọn orílẹ̀-èdè kan wà tó jẹ́ pé ohun tí wọ́n bá rí láti òsì, òsì náà ni wọ́n ń yà á sí. Tíṣà ti kìlọ̀ rẹ̀ fún wa lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ìlà tó dọ̀tí ni mò ń parẹ́ lọ́jọ́ náà, mi ò gbọ́ ọ parí. Mo ya pẹpẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sí apá òsì ìwé.

Bàbá mi gba ìwé náà. Ó rí pẹpẹ ní òsì, ó sì rántí ohun tí mo kọ́ ọ: ohun tó bá wà ní òsì ìwé, láti ọ̀tún ló ti wá. Ó kọ́ pẹpẹ sí ọ̀tún. Ká ní mi ò kọ́ ọ ní nǹkan kan ni, ì bá kọ́ ọ bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni wọ́n gbé e lọ, òun àti Bàbá Gbọọrọ àti ọkùnrin tó bá wọn fi ọ̀dà funfun kùn ún. Aláwọ̀-Méje ni wọ́n ń pe ẹni yìí, nítorí kò sí irú ọ̀dà tí kò sí lára ṣòkòtò rẹ̀. Mo tẹ̀ lé wọn lẹ́yìn, mò ń yan. Wọ́n tì í sí igun náà, ó sì bá a mu láìku ìwọ̀n irun. Pákó gbalaja kọjú sí mátírọ́ọ̀nù. Pẹpẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kọjú sí ògiri.

Mátírọ́ọ̀nù wò ó títí. "Káfíńtà," ló wí, "ṣé ògiri ló ń ṣàìsàn ni?"

Aláwọ̀-Méje bú sẹ́rìn-ín. Ọpọ́n ìfọwọ́ wà ní igun kejì, kò síbòmíràn tí a lè gbé e sí. Bàbá mi yọ ìwé mi lápò. Ó wo ìwé, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wò mí. Ẹnu ọ̀nà ni mo dúró sí. Mo ti mọ̀. Mo rí àṣìṣe náà kedere bí ẹni rí ejò lórí ibùsùn. Àyè wà fún mi láti sọ̀rọ̀; àyè náà gùn. Ó dúró dè mí. Mo wo bàtà mi.

Ó ká ìwé náà padà sápò. "Èmi ni mo ṣe é lódì, màmá. Ẹ má bínú. Bí mo bá ti parí òrùlé tí mò ń kàn yìí, n ó wá tún un ṣe fún yín."

Lójú ọ̀nà, kò bá mi wí. Ó ní ká yà ra iyọ̀ fún ìyá mi. Ì bá bá mi wí, ì bá sàn fún mi. Ní ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta ló béèrè pé, "Ọ̀gá Ayàwòrán, ìgbà wo la máa jókòó tún kọ́bọ́ọ̀dù yẹn yà?"

"Iṣẹ́ ilé-ìwé pọ̀, Bàámi."

"Ó dáa. Tí ọwọ́ rẹ bá dilẹ̀."

Ọwọ́ mi kò dilẹ̀. Mo lọ gba fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi ń sọ ẹ̀kọ́ kalẹ̀. Wọ́n ní ká dá a padà lọ́jọ́ Ẹtì, kí òbí fọwọ́ sí i, kó sì kọ déètì. Bí mo bá gbé e fún bàbá mi, yóò fọwọ́ sí i, kò sì ní béèrè ìdí. Ohun tí mi ò lè dúró wò nìyẹn. Ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi wà ní kíláàsì Àwòrán Iṣẹ́, mo ní inú ń run mí, mo jókòó sí láíbírì, mo sì fọwọ́ sí i ní orúkọ rẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo tí mo fà lóṣù yẹn tí kò dọ̀tí nìyẹn. Mo kọ déètì Ọjọ́ Ẹtì sí i, kó lè jọ pé àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni ó fún mi.

Ọjọ́bọ̀ ló kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, ilé wa kún fún ọjọ́ mélòó kan. Iṣẹ́ tèmi ni láti máa gbé omi fún àlejò. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, àwọn tí wọ́n bá bàbá mi ṣiṣẹ́ jókòó yí ìyá mi ká, wọ́n ń sọ ìtàn rẹ̀, bí ènìyàn ṣe máa ń fi ìtàn di ojú ibi tí ẹni tó lọ jókòó sí.

"Ẹ̀yin ò tíì gbọ́ ti kọ́bọ́ọ̀dù," ni Aláwọ̀-Méje wí. "Ogún ọdún ni mo fi bá ọkùnrin yìí ṣiṣẹ́, mi ò rí i kó gé pákó kan lẹ́ẹ̀mejì rí. Ọjọ́ kan ṣoṣo tó máa ṣì í ṣe, ògiri ló kọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún!"

"Ògiri kẹ̀?" ni aládùúgbò wa kan béèrè.

"Ògiri o! Ògiri ní orí ń fọ́ òun. Káfíńtà ní kó fọkàn balẹ̀, ó kó gbogbo oògùn tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mátírọ́ọ̀nù tó bá fẹ́ oògùn ibà báyìí, àfi kó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ bẹ ògiri!"

Ẹ̀rín sọ. Ìyá mi náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ẹ̀rín rẹ̀ àkọ́kọ́ láti Ọjọ́bọ̀. "Olúwa ò," ló wí, ó ń nu ojú. "Kò tiẹ̀ sọ fún mi."

"Báwo ló ṣe máa sọ? Ojú ń tì í ni!"

Mo dúró sí àárín wọn pẹ̀lú jọ́ọ̀gì omi. Ọ̀rọ̀ náà wà lórí ahọ́n mi. Mo wo ìyá mi tó ń rẹ́rìn-ín, mo sì wí fún ara mi pé ìwà ìkà ni láti gba ẹ̀rín náà lẹ́nu rẹ̀. Irọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí.

"Ṣé kí n bu omi sí i fún yín, sà?" ni mo bi Aláwọ̀-Méje.

"Bù ú, ọmọ mi. Ọlọ́run á tù ọ́ nínú."

Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ìtàn náà ti rìn ju bàbá mi lọ. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí wò mí ní ibi ẹ̀rọ omi, ó sì wí fún ẹnì kejì rẹ̀, pẹ̀lú àánú ni o, pé, "Ọmọ káfíńtà tó kọ́ kọ́bọ́ọ̀dù fún ògiri nìyẹn." Ogún ọdún ilẹ̀kùn àti fèrèsé àti òrùlé, ohun tó ṣẹ́kù nípa rẹ̀ lẹ́nu àjèjì nìyẹn, kì í sì í ṣe tirẹ̀.

Mo délé, mo yọ fọ́ọ̀mù náà. Ìgbà yẹn ni ojú mi tó rí déètì tí mo kọ sí i.

Ìyá mi wà ní yàrá, ó ń ká aṣọ iṣẹ́ bàbá mi. Mo nà án sí i. Ó kà á díẹ̀díẹ̀, bó ṣe máa ń ka ohun gbogbo.

"Ìfọwọ́sí bàbá rẹ nìyí."

"Èmi ni mo fọwọ́ sí i, mà."

Ó tún wò ó. "Ọjọ́ Ẹtì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Lọ́jọ́ Ẹtì, ilé ìgbókùúsí ló wà." Kò gbé ohùn sókè. "Ó ti kú tán, o ṣì ń rán an níṣẹ́."

Mo kúnlẹ̀, mo sì sọ gbogbo rẹ̀: ìwé láíbírì, òsì àti ọ̀tún, mátírọ́ọ̀nù, bí mo ṣe wo bàtà mi. Mo sọ ti mọ́kànlélọ́gbọ̀n tí mo gbà nínú ìdánwò pẹ̀lú. Ó gbọ́ ọ tán.

"Ọjọ́ tí mò ń fi í rẹ́rìn-ín ńkọ́, o wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, mà."

"O bu omi fún wa."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Ó padà sí aṣọ tó ń ká. Ó ká ẹ̀wù mẹ́ta kó tó tún sọ̀rọ̀. "Bí ẹ̀kọ́ náà bá wúwo jù fún ọ, sọ ọ́ kalẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ pé ẹrù wúwo. Gba fọ́ọ̀mù mìíràn wá, èmi tí mo wà láàyè á fọwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n èyí tó wà lọ́rùn bàbá rẹ yẹn, tìrẹ ni. Lọ gbé e kúrò lọ́rùn rẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì mo lọ bá Bàbá Gbọọrọ ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ń pọ́n eyín ayùn. Mo rò pé yóò sọ pé òun ti fura tipẹ́. Kò fura rárá.

"Mo rò pé ojú rẹ̀ ló ń ṣe bàìbàì," ló wí. Ó fi ayùn lélẹ̀. "Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Mo ní kó lọ ra awò ojú, àgbà ti dé. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun á rà á." Ó tún gbé ayùn náà. "Ó jẹ́ kí n sọ ọ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà."

"Má bẹ̀ mí. N ó tún kọ́bọ́ọ̀dù náà ṣe, ṣùgbọ́n mi ò ní fọwọ́ kan pákó láìsí ìwé. Lọ yà á."

"Bàbá, ẹ ò mọ àwòrán kà."

"Ṣebí o lẹ́nu? O ó dúró tì mí, o ó máa fi ẹnu ara rẹ sọ ọ́. Kí o sì lọ bá Aláwọ̀-Méje fúnra rẹ. Èmi kì í ṣe ìwé ìròyìn."

Mo bá Aláwọ̀-Méje lórí àkàbà, ó ń kun ojú fèrèsé kan. Ìsàlẹ̀ ni mo ti ń bá a sọ̀rọ̀, ó ṣòro láti jẹ́wọ́ fún ẹni tí ènìyàn ń wo àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo sọ tán, ó fi búrọ́ọ̀ṣì yún orí, ọ̀dà sì kún irun rẹ̀.

"O ti ba ìtàn mi jẹ́," ló wí. Lẹ́yìn náà ló wá sọ̀ kalẹ̀. "Ilé mẹ́fà ni mo ti sọ ọ́ dé. N ó padà lọ sí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

Ìyá mi fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù tuntun. Ọ̀gá àgbà ní nítorí ọ̀fọ̀, òun á fún mi di ọjọ́ Ẹtì mìíràn. Mo ní àyè láti lọ, àyè tó mọ́, kò sì sẹ́ni tó máa dá mi lẹ́bi. Mo mú fọ́ọ̀mù náà dání lọ sí kíláàsì ní ọ̀sán Ọjọ́rú, nítorí mo fẹ́ kí tíṣà kọ́kọ́ bá mi wo àwòrán kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo ti yà á nílé.

Mo sọ ìdí tí mo fi yà á fún un, àti ti ìfọwọ́sí. Ó tẹ́ ìwé náà, ó fi ìka kan apá kan. "Níbo ni mo dúró sí tí mo fi rí èyí?"

"Apá òsì, sà."

"Èyí ńkọ́?"

"Iwájú."

"Ẹni tó máa kọ́ ọ, ṣé ó mọ òfin?"

"Kò mọ̀ ọ́n, sà."

"Kọ ọ́ sí i ní ọ̀rọ̀, nígbà náà. Níbi yìí, APÁ ÒGIRI. Níbí, APÁ ÀGA."

"Ṣé wọ́n máa ń kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, sà?"

"Ẹni tó ń yà fún máàkì kì í kọ ọ́." Ó rí fọ́ọ̀mù lábẹ́ ọwọ́ mi. "Ṣé kí n gbà á?"

Mo wo ìfọwọ́sí ìyá mi. Àwọn ọkùnrin mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá ti na etí. Mo mọ̀ pé mi ò ní dára jù nínú ẹ̀kọ́ náà láéláé. Ohun tí ń dójú tì mí kì í ṣe pé mi ò mọ̀ ọ́n. Pé mo sá ni, tí mo sì fi bàbá mi sílẹ̀ níbẹ̀. Bí mo bá máa kùnà, kí n kùnà níbi tí wọ́n ti lè rí mi.

"Mi ò fi í sílẹ̀ mọ́, sà."

"Ó ṣeé ṣe kí o fìdí rẹmi."

"Mo mọ̀, sà."

"Ó dáa." Ó ti ìwé náà padà sí mi. "Gbẹ́ lẹ́ẹ̀dì rẹ."

Ní Ọjọ́ Àbámẹ́ta, èmi àti Bàbá Gbọọrọ lọ sí ilé ìwòsàn. Mátírọ́ọ̀nù ti kó oògùn rẹ̀ sínú páálí. Mo kí i, mo sì sọ ọ́ kí ẹnu tó kọ̀ mí: "Èmi ni mo ya èyí tó lòdì, mà. Bàbá mi kọ́ ohun tí mo kọ́ ọ. Kì í ṣe òun ló ṣì í."

Ó wò mí láti orí gíláàsì ojú rẹ̀. "O wà níbí lọ́jọ́ náà. Ẹnu ọ̀nà yẹn lo dúró sí."

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Ẹnu rẹ dà nígbà yẹn?"

Mo dúpẹ́ lọ́kàn mi pé kò sọ fún mi pé kò sí wàhálà.

A tú pákó ẹ̀gbẹ́ kúrò. Bàbá Gbọọrọ á na ọwọ́, á ní, "Èwo ló kàn?", èmi á fi ìka sí ìwé, n ó sì sọ ọ́ sókè kí mátírọ́ọ̀nù lè gbọ́: apá ògiri, apá àga. Lẹ́ẹ̀kan, mo sọ ọ́ lódì. Ó dúró, ó wò mí, mo sì tún un sọ. Ó gé ọ̀pá tí àwọn pẹpẹ yóò gbé ara lé, ó fi ìfági fá etí wọn, èmi di wọ́n mú, ó kan ìṣó. Nígbà tí oòrùn fi dé àárín fèrèsé, ògiri ti ní pákó tirẹ̀. Mátírọ́ọ̀nù jókòó sórí àga rẹ̀, ó na ọwọ́ sí pẹpẹ kejì láì dìde, ó gbé ìgò kan síbẹ̀, ó sì tún un gbé. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í to oògùn.

Bàbá Gbọọrọ ń kó irin iṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí. Èérún pákó wà káàkiri ilẹ̀ yàrá náà, lábẹ́ àga, lábẹ́ ibùsùn aláìsàn, ní etí ọpọ́n ìfọwọ́. Bàbá mi kì í fi èérún sílẹ̀ ní ilé oníbàárà.

Mo ní kí mátírọ́ọ̀nù yá mi ní ìgbálẹ̀. Mo kúnlẹ̀ kí n lè dé abẹ́ ibùsùn, mo sì gbá gbogbo rẹ̀ jáde, títí dé ẹnu ọ̀nà.